Ológò, Akódà àti Báńkì: Owó Tí Kóòtù Ní Kí Wọ́n San Fún Mi

Àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi ni pé ènìyàn lè ti kóòtù dé, kó jàre, kó sì jókòó máa wo owó rẹ̀ lókèèrè.

Èmi jàre. Ìwé ìdájọ́ ọ̀hún wà nínú àpótí mi, òǹtẹ̀ County Court wà lórí rẹ̀, ó sì sọ pé kí ilé iṣẹ́ kan tó ń kó ẹrù láti Ìlú Ọba lọ sí Nàìjíríà san £2,380 fún mi. Mi ò ní dárúkọ wọn. Ní ọdún 2021 ni mo sanwó fún wọn kí wọ́n bá mi gbé dúrọ́ọ̀mù méjì àti fírísà ńlá kan lọ fún màmá mi ní Òṣogbo. Fírísà yẹn ni màmá fẹ́ fi máa ta ẹja tútù níwájú ilé, nítorí ẹsẹ̀ wọn ò gba ọjà lílọ mọ́. Ẹrù ò dé. Fóònù wọn ò lọ mọ́. Mo kọ lẹ́tà, wọn ò fèsì. Mo pè wọ́n lẹ́jọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọn ò fèsì. Ọjọ́ 14 tí òfin fún wọn láti dáhùn kọjá, kóòtù sì dá mi láre láì rí ojú ẹnikẹ́ni nínú wa.

Mo ya fọ́tò ìwé náà, mo fi ránṣẹ́ sí màmá lórí WhatsApp. Wọ́n ṣàdúrà fún mi títí. Ìgbà tí àdúrà parí ni wọ́n wá béèrè pé, "Owó náà ńkọ́?"

Mo pe kóòtù. Obìnrin tó gbé fóònù ṣàlàyé fún mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé kóòtù kì í báni gba owó bí ènìyàn ò bá bẹ̀ wọ́n, àti pé ẹ̀bẹ̀ ọ̀hún, owó ni wọ́n ń fi bẹ̀ ẹ́. Inú bí mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo fẹ́ẹ̀ fi ara mi rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì ni mí. Ní wọ́ọ̀dù, bí dókítà bá kọ oògùn sínú ṣáàtì, ìyẹn ò túmọ̀ sí pé aláìsàn ti lò ó. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ lọ mú un jáde, kó yẹ orúkọ wò, kó fún aláìsàn, kó sì fọwọ́ sí i pé òun fún un. Ìwé dókítà lásán ni ìdájọ́ mi. Oògùn ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, kò sì sí nọ́ọ̀sì kankan tí wọ́n yàn sí i àfi èmi fúnra mi.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ka ìtàn ọ̀rọ̀ yìí nígbà ìsinmi lóru. Mo kàn fẹ́ mọ bó ṣe di báyìí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dé ilé. Samuel Johnson, àlùfáà ìjọ ní Ọ̀yọ́ tó kọ ìwé ìtàn Yorùbá ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ṣàlàyé bí àwọn baba wa ṣe ń gba gbèsè tó ti dàgbà. Bí wọ́n bá ti dá ẹni tó lówó láre, tí kò sì rí nǹkan gbà lọ́wọ́ ajigbèsè, ó máa tọ àwọn aláṣẹ ìlú lọ, wọn yóò sì fún un ní ológò. Iṣẹ́ ológò ni láti dógò tini. Á ká ẹní rẹ̀, á di ilé ajigbèsè, tàbí kó tiẹ̀ lọ tẹ́ ẹ sí ọ̀dọ̀ baálé agbo ilé gan-an. Níbẹ̀ ni yóò ti máa pariwo, tí yóò máa bú tọmọdé tàgbà, tí ẹnikẹ́ni ò ní gbádùn ilé mọ́. Bó bá rí adìyẹ tàbí àgùntàn, ó di ọbẹ̀, ọrùn ajigbèsè sì ni owó rẹ̀ wà. Kò ní kúrò títí wọn yóò fi san. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ "ohun ìdógò" tí àwọn báńkì ilé wa ń béèrè kí wọ́n tó yáni lówó, ìdílé kan náà ni òun àti ológò ti wá.

Ẹ wo ọgbọ́n inú rẹ̀ dáadáa. Ológò kò bá ajigbèsè nìkan jà. Gbogbo ẹni tó ń gbé agbo ilé ló ń yọ lẹ́nu, ìyàwó tó ń dáná, àbúrò tó fẹ́ sùn, baálé tí àlejò wá kí. Àwọn yìí ni wọn yóò dojú kọ ajigbèsè pé, "Lágbájá, ṣé o fẹ́ pa wá ni?" Ìtìjú àti ẹbí ló ń gba owó náà, ariwo lásán ni ti ológò. Ìlú tí kò sí báńkì, tí kò sí ìwé tí wọ́n kọ dúkìá ènìyàn sí, ibo ni wọn ì bá tún dì mú?

Mi ò ní ṣe bí ẹni pé ayé àtijọ́ dùn jù bó ṣe dùn lọ o. Bí ajigbèsè bá jẹ́ ará ìlú mìíràn, tí ológò ò lè débẹ̀, èmú ló kù, èyí tí àwọn kan ń pè ní àmúyá. Wọ́n á mú ẹnikẹ́ni tó bá ti ìlú ajigbèsè wá, ì báà jẹ́ aláìmọwọ́mẹsẹ̀ tó wá tajà, wọ́n á dè é mọ́lẹ̀ títí àwọn ará ìlú rẹ̀ yóò fi fipá mú ajigbèsè san owó. Ní sáà ogun àti òwò ẹrú, àwọn mìíràn wà tí wọ́n mú báyìí tí wọn ò padà délé mọ́. Ìwọ̀fà náà wà níbẹ̀. Bàbá yá owó, ó fi ọmọ ṣe ìwọ̀fà, ọmọ náà ń sin olówó lóko tàbí nínú ilé. Iṣẹ́ tó ń ṣe, èlé owó ni. Kò dín kọ́bọ̀ kan kù lára owó tí bàbá yá. Ọmọ lè dàgbà sẹ́nu rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá ka ibẹ̀ yẹn, ọmọbìnrin mi ọmọ ọdún mẹ́jọ ló ń wá sí mi lọ́kàn.

Ṣé àwọn òyìnbó wá sàn jù? Rárá o. Ara ènìyàn làwọn náà ń dì mú, ṣùgbọ́n tiwọn, ẹ̀wọ̀n ni wọ́n ń jù ú sí. Ní ọdún 1824, wọ́n ju John Dickens sí ẹ̀wọ̀n Marshalsea ní Southwark, nílùú London, nítorí £40 àti ṣílè mẹ́wàá tó jẹ oníbúrẹ́dì kan. Ọmọ rẹ̀, Charles, ọmọ ọdún 12, ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe oje bàtà nígbà náà. Charles yìí ló wá di òǹkọ̀wé tí gbogbo ayé mọ̀, ẹ̀wọ̀n ajigbèsè ò sì kúrò nínú ìwé rẹ̀ títí ó fi kú. Ẹni tó wà lẹ́wọ̀n ò lè ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tún ń gba owó ilé lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ẹ̀wọ̀n náà. Báwo ni yóò ṣe san gbèsè? Ẹbí ni wọ́n ń retí. Ẹ ò rí i pé ológò náà nìyẹn, ó kàn wọ ẹ̀wù mìíràn ni.

Àwọn ajigbèsè òyìnbó náà mọ ọgbọ́n. Láti ọdún 1604, nínú ẹjọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Semayne's Case, ni àwọn adájọ́ ti sọ pé akódà ò gbọdọ̀ já ilẹ̀kùn ilé tí ènìyàn ń gbé nítorí gbèsè. Nítorí náà, ẹni tó bá jẹ gbèsè á ti ilẹ̀kùn mọ́rí, á máa yọjú lójú fèrèsé. Òfin ọdún 1677 tún ní wọn ò gbọdọ̀ mú ènìyàn lọ́jọ́ Ìsinmi nítorí gbèsè. Bó bá di Sunday, gbogbo wọn á wẹ̀, wọ́n á múra, wọ́n á jáde lọ gbatẹ́gùn. Èmi tí mo ń ṣiṣẹ́ ní Sunday mẹ́ta nínú mẹ́rin, mo jowú wọn díẹ̀.

Ní ọdún 1846 ni ilé aṣòfin dá County Court sílẹ̀ káàkiri England àti Wales, kí ẹni tí owó rẹ̀ kò ju £20 lọ lè rí ibi pẹjọ́ láì ba ara rẹ̀ jẹ́. Ní 1869, òfin tuntun ní wọn ò gbọdọ̀ máa ju ènìyàn sẹ́wọ̀n fún gbèsè mọ́. Ṣùgbọ́n òfin náà fi àyè kékeré kan sílẹ̀: ẹni tó bá lówó lọ́wọ́ tó kọ̀ láti san ṣì lè lọ ṣẹ̀wọ̀n ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Àyè kékeré yẹn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún tálákà ló gba ibẹ̀ wọ ẹ̀wọ̀n, títí di ọdún 1970 tí òfin mìíràn fi dí ibẹ̀ fún èyí tó pọ̀ jù nínú gbèsè. Ẹ rò ó wò, ní 1970! Nàìjíríà ti gba òmìnira fún ọdún mẹ́wàá.

Bí wọ́n ṣe ń tú ọwọ́ kúrò lára ènìyàn ni wọ́n ń wá nǹkan mìíràn dì mú. Ní 1854, wọ́n ṣe òfin pé bí ajigbèsè rẹ bá ní owó lọ́wọ́ ẹlòmíràn, kóòtù lè ní kí onítọ̀hún yí owó náà sọ́dọ̀ rẹ. Ìlú London ti ń ṣe irú rẹ̀ nínú àṣà wọn tipẹ́tipẹ́ kó tó di òfin gbogbo ilẹ̀. Mo sọ èyí sílẹ̀ nítorí pé ohun ló padà ràn mí lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ọdún méjì tó jẹ mí lógún jù ni 1896 àti 1897. Ní ọdún 1897 ni Johnson kọ ọ̀rọ̀ àkọ́sọ ìwé rẹ̀ ní Ọ̀yọ́, ìwé tí ó sọ bí gbogbo agbo ilé ṣe ń dáhùn fún gbèsè ẹnì kan. (Àwọn atẹ̀wé sọ ìwé àfọwọ́kọ rẹ̀ nù, ó kú ní 1901, àbúrò rẹ̀ Dókítà Obadiah Johnson ló tún un kọ, ó sì jáde ní 1921.) Ní ọdún tó ṣáájú rẹ̀, 1896, ní London, àwọn adájọ́ àgbà ní House of Lords dá ẹjọ́ Aron Salomon. Oníbàtà ni Salomon, ní Whitechapel. Ó sọ òwò rẹ̀ di kọ́ńpìnnì. Nínú ìpín 20,007, òun nìkan ní 20,001. Ìyàwó rẹ̀, ọmọbìnrin rẹ̀ àti ọmọkùnrin rẹ̀ mẹ́rin ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Òwò náà wó, gbèsè kù nílẹ̀. Àwọn olówó ní, ṣebí Salomon náà ni kọ́ńpìnnì, ẹ jẹ́ kó san. Àwọn adájọ́ ní rárá: kọ́ńpìnnì jẹ́ ẹnì kan lọ́tọ̀, Salomon jẹ́ ẹnì kan lọ́tọ̀, gbèsè èkíní kì í ṣe ti èkejì.

Bàbá, ìyá, ọmọ márùn-ún. Agbo ilé pípé! Bí ó bá jẹ́ ní Ọ̀yọ́ ni, ológò ì bá ti tẹ́ ẹní. Ní London, òfin ní kò sí ẹnikẹ́ni nílé.

Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe é. Bí gbogbo ẹni tó dá òwò sílẹ̀ bá máa fi ilé tó ń gbé dí gbèsè, ọ̀pọ̀ ò ní dáwọ́ lé nǹkan kan. Ọkọ mi gan-an ní kọ́ńpìnnì kékeré tó fi ń tún ẹ̀rọ ìgbóná ilé ṣe, òfin yìí ló sì ń jẹ́ kó sùn lóru. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé fírísà màmá mi lọ, òun náà ń sùn. Kọ́ńpìnnì ò ní ìyá tí ojú máa tì. Kò ní baálé. Akódà lè lọ bá a, kó sì bá tábìlì kan àti àga méjì.

Ẹ má gbàgbé pé fún ìgbà pípẹ́, ọ̀rọ̀ irú èmi yìí ò tilẹ̀ sí nínú èrò àwọn tó ni kóòtù. Ní 1970, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn oníbàárà nílẹ̀ yìí gbé ìwádìí kan jáde, ohun tí wọ́n sì rí ni pé àwọn oníṣòwò ló ń lo County Court láti fi gba owó lọ́wọ́ ará ìlú. Ará ìlú ò rí ibẹ̀ lò fún oníṣòwò. Ìwádìí yẹn wà lára ohun tó bí ètò ẹjọ́ owó kékeré ní 1973. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń gbé òdiwọ̀n owó rẹ̀ sókè: £3,000 ní 1996, £5,000 ní 1999, £10,000 ní 2013. Ìlú Èkó náà dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní 2018, fún owó tí kò ju ₦5,000,000 lọ, wọ́n sì ní kí ẹjọ́ parí láàárín ọjọ́ 60. Ìdájọ́ ń yára níbi gbogbo. Gbígba owó ni kò yára.

Ó dáa. Kí ni mo wá ṣe?

Mo kọ́kọ́ rán akódà. Nílẹ̀ yìí, bí owó bá ti tó £600, ènìyàn lè gbé ìdájọ́ County Court lọ sí High Court, kí àwọn akódà ibẹ̀ lọ kó ẹrù. Àwọn yìí ni wọ́n ń ṣe lójijì lórí tẹlifíṣọ̀n, tí ẹnu ń ya gbogbo wa. Ẹ má gba tẹlifíṣọ̀n gbọ́ pátápátá. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ lẹ́tà, kí ọjọ́ méje kọjá, kí wọ́n tó yọjú. Tèmi lọ sí ilé ìkẹ́rùsí tí àwọn ènìyàn náà ń lò. Ó rí ọkọ̀ méjì níta. Ọkọ̀ àyálò ni méjèèjì, ti ilé iṣẹ́ tó yá wọn ni. Ó rí dúrọ́ọ̀mù jáńtírẹrẹ nínú ilé. Ẹrù àwọn oníbàárà ni, àwọn ènìyàn bíi tèmi. Ìròyìn tó kọ sí mi kò ju ìlà mẹ́ta lọ.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n jẹ́ kí kóòtù pe ọ̀gá wọn wá, kó búra, kó sọ ibi tí owó wọn wà. Ọ̀nà yẹn wà; ẹni tó bá kọ̀ láti wá lè ṣẹ̀wọ̀n, nítorí àìgbọràn sí kóòtù, kì í ṣe nítorí gbèsè. Mo ti ń kọ fọ́ọ̀mù náà lọ́wọ́, N316A, ní agogo mẹ́ta òru, nígbà tí nǹkan kan sọ sí mi lọ́kàn. Kí ni mo fẹ́ bi wọ́n? Mo fẹ́ mọ báńkì wọn. Ṣé mi ò mọ̀ ọ́n ni? Báńkì yẹn ni mo fi owó ránṣẹ́ sí! Nọ́ńbà àkáǹtì wọn wà nínú fóònù mi láti ọdún 2021.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe padà sí òfin 1854. Orúkọ rẹ̀ ti yí padà, third party debt order ni wọ́n ń pè é báyìí, fọ́ọ̀mù rẹ̀ sì ni N349. Ènìyàn á kọ ọ́ ránṣẹ́ sí kóòtù, kóòtù ò ní sọ fún ajigbèsè. Báńkì ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń fi àṣẹ náà lé lọ́wọ́. Ní ọjọ́ tí ó bá dé ọwọ́ báńkì, iye yòówù tó bá wà nínú àkáǹtì, títí dé iye gbèsè, á dúró síbẹ̀ gbọin. Bí àkáǹtì bá ṣófo lọ́jọ́ yẹn, ó tán nìyẹn, owó fọ́ọ̀mù ti wọlẹ̀. Mo ronú nípa rẹ̀ bí ẹni ń ta ayò. Ìgbà wo ni owó máa ń wọlé fún àwọn tó ń kó ẹrù lọ sílé? Ṣáájú Kérésìmesì ni, nígbà tí gbogbo wa bá ń kó ìrẹsì àti aṣọ sí dúrọ́ọ̀mù. Ìparí oṣù kẹsàn-án ni mo fi fọ́ọ̀mù náà ránṣẹ́.

£1,917 ló wà níbẹ̀.

Ọ̀gá wọn, tí kò dá mi lóhùn fún ọdún méjì, pè mí lọ́jọ́ kejì. Ó ń pè mí ní "àǹtí mi". Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n tú àkáǹtì náà sílẹ̀, pé gbogbo òwò ti dúró, àwọn awakọ̀ ń retí owó, ìyàwó rẹ̀ ò sùn. Ìyàwó rẹ̀! Mo fẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún un pé kó sọ tẹnu rẹ̀ fún adájọ́. Kò wá. Adájọ́ fọwọ́ sí i, báńkì sì san owó náà fún mi.

Ó ku £463, láì ka owó àwọn fọ́ọ̀mù. Ìdájọ́ tí owó rẹ̀ ò bá tó £5,000 kì í sábà gba èlé nílẹ̀ yìí. Orúkọ kọ́ńpìnnì náà wà nínú ìwé àwọn tí kóòtù dá lẹ́bi, fún ọdún mẹ́fà, níbi tí báńkì tàbí ẹnikẹ́ni tó bá san owó díẹ̀ ti lè rí i. Mo tún ní kí Companies House máa fi ìròyìn wọn ránṣẹ́ sí mi lórí ímeèlì. Ó ṣe mí láǹfààní: ní nǹkan bí oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, wọ́n béèrè pé kí wọ́n pa orúkọ kọ́ńpìnnì náà rẹ́. Mo kọ̀wé tako ó lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, mo fi ìwé ìdájọ́ mi mọ́ ọn. Wọ́n dá a dúró fún ìgbà díẹ̀. Bí ó bá tún di ìgbà kejì, màá tún kọ.

Màmá ti ra fírísà ní Òṣogbo. Ó kéré sí èyí tó sọnù, ṣùgbọ́n ẹja wà nínú rẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún wọn bí owó náà ṣe jáde, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní ìyá àwọn máa ń sọ ìtàn ológò kan tó sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn fún ọjọ́ mẹ́sàn-án nítorí gbèsè àbúrò bàbá wọn. Mo bi wọ́n bóyá àbúrò bàbá náà san án.

"Òun kọ́," ni màmá wí. "Ìyá wa ló san án. Wọ́n ta ìlẹ̀kẹ̀ wọn."